Èmi Ni Mo Kọ́kọ́ Jáde

Ọdún tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní fìlọ́sọ́fì bi mí ní ohun kan tí mi ò tíì rí ìdáhùn sí dòní. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn baba wa dùn lóòótọ́, àmọ́ dídùn kọ́ ni òótọ́, ẹni tó bá fẹ́ ronú gbọ́dọ̀ lè béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kí ìbejì dìde. Ọmọ Igbó-Ọrà ni mí. Mo dìde.

"Ìwọ àti èkejì rẹ, ta lẹ̀gbọ́n?"

"Èkejì mi ni, sà. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, àmọ́ òun ló rán mi kí n wá tọ́ ayé wò."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń rán ọ?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú takisí tí mo wọ̀ lọ sílé, ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Mo bá màmá wa níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Màmá, ta ló sọ pé ẹni tó kẹ́yìn lẹ̀gbọ́n?"

"Bí a ṣe bá a nìyẹn."

"Tó bá wá jẹ́ pé àwọn tó sọ ọ́ ṣì í sọ ńkọ́?"

Wọ́n gbójú sókè. "Ṣé ara rẹ yá?"

Èkejì mi ń yan gààrí nídìí agbada. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó kó gààrí kúrò lórí iná.

"Nígbà tí bàbá ní agbára àwọn ò ká ju ẹnì kan lọ nílé-ìwé," ó ní, "kí ni mo sọ?"

Mo rántí. Ó ní kí n máa lọ, torí àbúrò ni mí.

"Tí mi ò bá wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, kí ni mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ fún?"

Ojú mi wálẹ̀. Bí mo bá ní ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò lè fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Bí mo bá sì ní kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi, ipò ta ni mo jókòó sí? Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ mi lójú.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún olùkọ́ lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún títí.

"Ṣé òun lẹ̀gbọ́n lóòótọ́, sà?"

"Mi ò mọ̀."

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé wọ́n mọ̀ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti èkejì mi jọ sẹ́ gààrí. Mo fẹ́ kó na asẹ́ sí mi, mo lanu, mi ò mọ ohun tí ǹ bá pè é.