Orúkọ Òwò Kíkẹ́-Karia

Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń kó ẹrù jáde ní èbúté Àpápá ò mọ Kíkẹ́lọmọ sí Kíkẹ́lọmọ. Kíkẹ́-Karia ni wọ́n ń pè é, àfi bí ẹni pé ènìyàn kan ṣoṣo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì ni. Òun àti Eucharia, obìnrin Ìgbò kan tó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ni wọ́n jọ ń rán tapólì, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù, nínú ìsọ̀ onípákó kan ní àdúgbò Boundary. Lọ́dún 1984 ni wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Wharf Road rí tó fi ń gbé iṣẹ́ fún wọn.

Ní 1988, rọpárọsẹ̀ kọlu Eucharia níbi tó ti ń gé aṣọ. Àbúrò rẹ̀, Edwin, wá gbé e lọ sílé, nítòsí Owerri. Kíkẹ́lọmọ ń kọ lẹ́tà, Edwin ń fèsì pé díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ̀ ń yá. Nígbà tó yá, èsì ò wá mọ́.

Kíkẹ́lọmọ ń bá iṣẹ́ lọ lóun nìkan, títí òfin tuntun fi dé. Ní 1992, ilé iṣẹ́ náà ní kí gbogbo àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́ mú sátífíkéètì tuntun fún orúkọ òwò wọn wá kí ọdún tó parí. Kíkẹ́lọmọ di ìwé àtijọ́ sínú ọ̀rá, ó gba ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi orúkọ òwò sílẹ̀ lọ. Akọ̀wé tó dá a lóhùn, Ìyáàfin Dorothy, fara balẹ̀ ka ìwé náà.

"Ẹnì kejì yín dà?"

"Ara rẹ̀ ò yá, mà. Ó ti lọ sílé."

"Kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí. Bí kò bá lè kọ ọ́, kó tẹ̀ka. Bó bá sì ti kú, ẹ mú ìwé ikú rẹ̀ wá."

"Tí mo bá fi orúkọ mìíràn sílẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Ìyẹn ò le. Ẹ lè ṣe é lónìí."

Ṣùgbọ́n ó ti béèrè ní Wharf Road. Wọ́n ní orúkọ tuntun gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta kí àwọn tó gbà á. Ló bá wọkọ̀ lọ sí Owerri.

Orí àga ló bá Eucharia, ó ti rù, ó ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Kíkẹ́lọmọ bá a sọ Yorùbá tí wọ́n jọ ń sọ ní ìsọ̀. Ó bá a sọ pijin, ojú kan náà ló ṣì fi ń wò ó.

"Ó tó ọdún méjì tí kò ti mọ èmi gan-an mọ́," Edwin sọ. Ó gbé íńkì wá. "My sister, hold her hand press am. Nobody go ask."

Kíkẹ́lọmọ di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti sọ àtàǹpàkò rẹ̀ di líle ṣì wà níbẹ̀. Bí íńkì ṣe fẹ́ kàn án, Eucharia fa ọwọ́ náà yọ, ó tì í sábẹ́ ìró, omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀ láìsí ohùn. Kíkẹ́lọmọ tún na ọwọ́ sí i. Eucharia sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

Kíkẹ́lọmọ ká fọ́ọ̀mù náà. "Kò fẹ́," ó sọ.

"Kò mọ ohun tó jẹ́ ni."

"Ọ̀kan náà ni, brọ̀dá mi."

Nígbà tí ọdún parí, ilé iṣẹ́ náà yọ Kíkẹ́-Karia kúrò lára àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kíkẹ́lọmọ fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan sílẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ọdún mẹ́ta náà. Àtúnṣe kéékèèké ló ń rí ṣe. Ní 1996 ó padà lọ sí Wharf Road. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá níbẹ̀ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kọ́ńpìnnì nìkan làwọn ń gbà báyìí, àwọn ò gba orúkọ òwò ẹlẹ́nìkan mọ́.

"Ẹ má bínú, mà."

"Kò sí wàhálà."

Ó fi ìsọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Kirikiri ló ti ń rán àpò tó ya, òun àti obìnrin mẹ́wàá mìíràn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé òun ti ní orúkọ òwò rí, wọn ò sì bi í.