Ètò Ìkórè Tí Mo Tò ní A, B, D

Ọkọ mi, tí í ṣe olùkọ́ ní Ilọ́fà, yọ̀ǹda tábìlì ìjẹun wa fún mi títí di ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Bí iṣẹ́ kò bá ti ìta wá títí dìgbà náà, ẹ̀rọ tàípù mi yóò padà sínú páálí, àwa náà yóò sì padà sídìí tábìlì. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, orí itan la ti ń gbé abọ́ jẹun.

Ìwé àlòkù kan tí mo rà ní Ìlọrin ni mo fi kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé. Mo mọ̀ pé ìka tó kéré jù ní ọwọ́ òsì ló ni lẹ́tà A. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ òyìnbó kò ní àmì abẹ́, nítorí náà ṣóńṣó bírò tó ti gbẹ ni mo fi ń gún àmì sábẹ́ “ẹgbẹ́” lórí bébà sítẹ́ńsù tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà púpọ̀, méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni bí èèyàn ṣe lè jókòó sílé kí wọ́n sì gbà pé ó ń ṣiṣẹ́.

“Ìyàwó,” ni ìyá ọkọ mi máa ń pè láti ẹnu ọ̀nà, “ìgbà tó ṣe pé o kàn jókòó, bá mi lé ewúrẹ́ kúrò nídìí àgbàdo tí mo sá.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, iṣẹ́ ni mò ń ṣe.”

“Uṣẹ́ tí wọ́n ń jókòó ṣe? Adìẹ tó sàba gan-an, a máa ń rí ọmọ rẹ̀.”

Mo yí tábìlì sí ibi tí mo ti lè máa rí àgbàdo.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, akọ̀wé ìjọ gbé iṣẹ́ wá: orúkọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá tí yóò jó lọ síwájú pẹpẹ. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló kọ wọ́n sí, kò tò wọ́n. Ìwé mi ní orí kan lórí bí wọ́n ṣe ń to orúkọ: A, B, D, láìṣojúsàájú. Bẹ́ẹ̀ ni mo tò wọ́n. Mo tẹ̀ wọ́n sórí bébà sítẹ́ńsù, n kò ṣi lẹ́tà kan. Akọ̀wé ní ó mọ́ rekete.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pín ẹ̀dà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní èṣín ló ṣáájú, torí A ni orúkọ wọn fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá àgbà, tí wọ́n pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ló kẹ́yìn. W ni tiwọn. Ìyá ọkọ mi wà nínú wọn.

Kí n tó bọ́ gèlè, ìyá márùn-ún nínú ẹgbẹ́ náà ti yí tábìlì mi ká nílé, akọ̀wé ìjọ dúró sẹ́yìn wọn.

“Ta ló ní ká máa tọ àwọn ọmọ wa lẹ́yìn?” ni olórí wọn bi mí.

“Lẹ́tà ni mo fi tò ó, mà. A ló ṣáájú W.”

“Ta ló bí A?”

Mo mọ ìwé mi dáadáa. Kò sí níbẹ̀.

Akọ̀wé ní kí wọ́n má bínú, pé òun yóò gbé iṣẹ́ náà lọ sí Òmù-Àrán lọ́la, níbi tí wọ́n ti ní kọ̀ǹpútà. Ọkọ mi ti ń wo páálí.

“Ní Òmù-Àrán,” ni ìyá ọkọ mi wí, “ta ló wà níbẹ̀ tó mọ ẹgbẹ́ tí a kọ́kọ́ dá sílẹ̀ níbí?”

Ó fa àga fún mi.

“Ìyàwó, jókòó. Máa kọ ọ́.”

Wọ́n ń pè é, mò ń kọ ọ́: ẹgbẹ́ tó ti wà kí wọ́n tó kan páànù ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó ya lára èkejì. Ìjà wà lórí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Mo kọ ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀kẹfà, ewúrẹ́ wọ inú àgbàdo. Mo dìde.

“Mo ní kó o jókòó,” ni ìyá ọkọ mi wí. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ lé e.

Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà, orí itan ni gbogbo wa ti jẹ ẹ́, pẹ̀lú ìyá márààrún.