Apá Òsì Ẹ̀yìn Mi

Àwọn tó ń kí mi kú ewu títí di òní rò pé ewu náà ti kọjá lọ. "Ẹ kú ewu, Màmá, Ọlọ́run ló yọ yín." Èmi náà á ní ewu iná kì í pa àwòdì. Kí ni kí n tún sọ? Bí mo bá ní kí n ṣàlàyé, ilẹ̀ á ṣú, wọ́n á sì tún ní kí n ká bùbá sókè kí àwọn rí ojú àpá náà. Obìnrin kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ibùdókọ̀ ní Ìkàrẹ́, lójú gbogbo ayé. Mo ní kí ó kọ́kọ́ ká tirẹ̀ sókè ná.

Àyà ni wọ́n là fún mi. Ikọ́ kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ikọ́ tí kò gbọ́ ti àgbo, tí kò gbọ́ ti oògùn òyìnbó, títí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá itọ́ jáde lẹ́nu mi. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà sí wa, wọ́n sì gé lára ẹ̀dọ̀fóró mi apá òsì sọ nù. Ojú abẹ náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ọ̀pá ẹ̀yìn, ó gba abẹ́ egungun èjìká kọjá, ó wá parí sábẹ́ ọmú òsì. Ó jinná. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó jinná dáadáa. Àmọ́ gbogbo àyíká rẹ̀ kú. Bí mo bá fi ọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi á mọ̀ pé òun kan ara, ara ò ní mọ̀ pé ọwọ́ kan òun. Dókítà ní àwọn iṣan kan ni wọ́n gé níbẹ̀, pé ó lè jí, ó sì lè má jí. Mo dúró títí, kò jí.

Ọ̀kà ni ilé mi, orí òkè sì ni Ọ̀kà wà. Tẹ́lẹ̀, mo lè ru ẹrù gun ọ̀nà ilé wa kí n tún máa bá èèyàn jà lójú ọ̀nà. Ní báyìí, mo ní láti jókòó sórí òkúta kan létí títì kí èémí mi lè padà wálé. Àwọn tó ń kọjá á rò pé mo ń ta nǹkan, wọ́n á ní, "Ẹ kú ọjà, Màmá." Mo máa ń jẹ́ ẹ. Ó sàn ju kí wọ́n bi mí pé kí ló ń ṣe mí lọ.

Aránṣọ ni mí. Bí aránṣọ bá yọ abẹ́rẹ́ lára aṣọ tó ń rán, àyà bùbá ara rẹ̀ ló máa ń fi í há, kó má bàa wá a tì. Gbogbo wa la ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà mi kan tó wá wọn aṣọ tẹjú mọ́ mi láyà. Ó ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ kọ́ nìyẹn?" Abẹ́rẹ́ ti gba inú bùbá kọjá, ó ti gba inú àwọ̀tẹ́lẹ̀ kọjá, ó ti wọ ara mi, èmi sì ti ń wa ẹ̀rọ láti òwúrọ̀. Mo fà á yọ, mo nù ún, mo ní kí ó na apá rẹ̀ kí n wọ̀n ọ́n. Ó ń wò mí bí ẹni rí iwin. Nígbà tí aṣọ náà parí, kò wá gbà á fúnra rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló rán.

Aṣọ tí èèyàn ń ró máyà bó bá wẹ̀ tán náà ńkọ́? Obìnrin kì í fi ojú ṣọ́ ìyẹn. Ara ló ń sọ fún un pé aṣọ ti ń tú. Tèmi tú láàárín àgbàlá, níṣojú àbúrò ọkọ mi tó wá fa omi. Ó kígbe pé, "Ìyàwó, ó ń tú o!" kí ó tó yíjú sógiri. Ojú yẹ kó tì mí. Kò tì mí. Mo kó aṣọ mi nílẹ̀, mo wọlé lọ.

Bí mo ṣe ń gbé e nìyẹn, láìsọkún, láìrẹ́rìn-ín, títí ọmọ mi obìnrin fi bímọ.

Òun nìkan ni mo bí. Tíṣà ni ní Ìkàrẹ́, ibẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Obìnrin ló bí. Nígbà tí ìsinmi ìbímọ rẹ̀ fẹ́ tán, ó ránṣẹ́ sí mi pé, "Màámi, ẹ wá bá mi tọ́ ọmọ." Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ìyàwó ló ni iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìpè ti ń na ọwọ́, obìnrin tó lókun lára, tó ṣì ń ru iṣu bọ̀ láti oko. Ó ti sọ ọ́ jáde pé ẹni tí wọ́n la àyà rẹ̀ kò ṣeé gbé ọmọ lé lọ́wọ́. Kò burú. Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀: bí mi ò bá lè pọn ọmọ yìí, Ìpè ló ń lọ, àwọn ará Ìpè ni yóò sì mọ̀ ní ìyá.

Ni mo bá lọ sínú àká, mo ṣa iṣu kan tó wúwo tó ọmọ. Mo fi aṣọ wé e, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e pọ̀n, mo fi ọ̀já gbà á. Mo so ó sáàárín àyà bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Mo gbálẹ̀. Mo sá aṣọ. Nígbà tí mo tẹ̀ síwájú kí n bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù, mo gbọ́ gbì! Iṣu ti wà nílẹ̀, ó ti kán sí méjì, ọ̀já sì wà ní ìbàdí mi. Mi ò mọ ìgbà tó tú.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi lajú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Yéè! Màmá, iṣu lẹ pọ̀n?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún."

"Ẹ̀yin náà ti padà di ọmọdé nìyẹn!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó panu mọ́. Ó ṣa iṣu tó kán náà, ó ní kí á kúkú sè é jẹ.

Mo pọn òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí mo so aṣọ sí apá ọ̀tún, lábẹ́ abíyá, níbi tí ara mi ṣì ti gbọ́ràn. Mo ká ọ̀já ní ìlọ́po, mo so òun náà síbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, mo tún gùn ún padà, kò jábọ́. Àwọn èèyàn ń wò mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo sì ń sọ ọ́ nítorí pé kò wọ́pọ̀ mọ́.

Mo kó lọ sí Ìkàrẹ́. Wọ́n ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ ni, ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ku ọ̀kan àti ààbọ̀ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo pọ̀n ọ́n. Ìyá rẹ̀ á lọ síléèwé láàárọ̀, èmi á gbé e sẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ èdè tirẹ̀ sí mi létí. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú: apá òsì ni ọmọ náà fẹ́ràn láti máa gbé orí lé. Mo lè tì í sọ́tùn-ún títí, á tún padà sósì. Bó bá dákẹ́, mi ò lè mọ̀ bóyá ó ti sùn, nítorí pé mi ò gbọ́ mímí rẹ̀ lára. Màá ní kí obìnrin tó ń ta bùrẹ́dì lójúde bá mi wo ojú rẹ̀. "Ó ti sùn, Màmá." Bí mo ṣe ń mọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kan wá wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru mú débi pé ajá ò lè dúró lójú títì. Ọmọ náà dákẹ́ láti àárọ̀. Kò sunkún, kò fà mí ní gèlè. Mo ń yìn ín. Mo ní, "Ọmọ àtàtà, ìwọ nìkan lo mọ̀ pé ó ti rẹ ìyá rẹ àgbà." Apá ọ̀tún mi gbóná, mo ní ooru ni. Mo fọ aṣọ rẹ̀, mo rán etí aṣọ ìkélé, òun sì wà lẹ́yìn mi.

Láàárín àwa obìnrin, ta ló ń fi ọwọ́ wá ibà lára ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ̀yìn ló ń sọ. Ìyá mi lè wà lóko, tí kò tilẹ̀ yíjú wẹ̀yìn, á kàn dúró, á ní ara ọmọ yìí ti yí padà. Èmi náà gbà pé bí nǹkan kan bá ṣe ọmọ yìí, ẹ̀yìn á sọ fún mi. Mo gbàgbé irú ẹ̀yìn tí mo ní.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti iléèwé, ó na ọwọ́ láti gbà á, ló bá pariwo. "Màámi! Ara ọmọ yìí ń jó!" Ojú ọmọ ti lọ sókè. A sáré gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn, ó gbé ọmọ mọ́ àyà, èmi wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ti gún un lábẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ti fi omi sí i lára, ó yíjú sí wa.

"Ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀?"

"Èmi ni. Ẹ̀yìn mi ló wà."

"Ẹ̀yìn yín ló wà, Màmá, ẹ ò wá mọ̀ pé ara rẹ̀ gbóná báyìí?"

Ọmọ mi ń wò mí, mo sì rí i pé ó ń ti inú ọ̀rọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn, títí tó fi débi tó yẹ kó dé. Ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì là yé e, ó ti yé e.

Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ mi jókòó tì mí, ó ń ká aṣọ tí kò nílò kíká. Ó ní, "Màámi, ìyá ọkọ mi ní kí n máa gbé e bọ̀ ní Ìpè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo ní, "Inú ò bí mi."

Òótọ́ ni. Mo wá ìbínú náà kiri inú mi, èmi tí mo máa ń tìtorí owó ọkọ̀ bá dírẹ́bà jà, mi ò rí i. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba: mo rò pé kíkú ara náà ti ń ràn ká. Mo di ẹrù mi, mo padà sí Ọ̀kà.

Ìgbà Kérésì ni wọ́n tó gbé e wá kí mi. Ó ti ń rìn, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kiri ilé, kò sì dá mi mọ̀. Bí mo bá na ọwọ́ sí i, á sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mi ò rọ̀ ọ́. Mo jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń ṣa ẹ̀wà sínú abọ́. Ọmọ mi jáde síta, ó kàn dúró. Nígbà tó pẹ́, mo gbójú sókè, mo rí i pé omi ti kún ojú rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Màámi, ẹ má mira."

"Kí ni?"

"Ó wà lẹ́yìn yín. Ó gbé orí lé yín lẹ́yìn."

Mo tẹ́tí sí ara mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, Màámi."

Mo fi ẹ̀wà sílẹ̀. Mo jókòó bẹ́ẹ̀, mi ò mira, mo ń retí kí wọ́n sọ fún mi bó bá ti kúrò.