Àáró Kì í Ṣe ti Àlejò

Eruku àpò ìdọ̀họ ni ohun àkọ́kọ́ tí Àpápá fi kí mi káàbọ̀. Ó ń wọ imú, ó ń wọ irun, ó ń bá èèyàn délé. Èmi tí mo parí ilé-ìwé girama ní Kùmásì, tí mo máa ń ka lẹ́tà fún gbogbo ìyàwó ilé ládùúgbò wa níbẹ̀, mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú sítọ́ọ̀ kan ní Warehouse Road, mo ń fi abẹ́rẹ́ tó gùn ju ìka mi lọ rán àpò tí eku ti jẹ.

Ọdún tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ sílé wọn ni èmi àti ìyá mi dé. Bàbá mi ti kú sọ́hùn-ún. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún wa, ìyá mi sì fi ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta abọ́ láti ìgbà tí n kò tíì dáyé sílẹ̀ fún ẹni tí kò sọ pé ẹ ṣé. Nínú lọ́rì, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹnu mọ́: "Ilé làbọ̀ sinmi oko." Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo wọ bàtà mi tó dára jù lọ, torí mo rò pé àwọn ará ilé yóò wá pàdé wa. Ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀ ló pàdé wa. Àbúrò bàbá mi fún wa ní igun kan nínú yàrá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì fi kọ́tìnì pààlà sí i kí ojú rẹ̀ má baà máa rí wa.

Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwa tí a ń rán àpò. Iye ìdì tí èèyàn bá rán ni wọ́n ń wò sanwó, owó náà kò sì tó nǹkan. Ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, fọ́máànù yóò mú ẹlòmíràn wọlé láti ẹ̀yìn géètì, ó parí. Nítorí èyí ni àwọn obìnrin náà ṣe gbé àáró oko àwọn bàbá wọn wá sínú ìlú. Bí ẹnì kan bá bímọ, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, wọn yóò pín àpò rẹ̀ láàárín ara wọn, wọn yóò rán an, wọn yóò kà á sí tirẹ̀. Bí ìdì bá ti pé, fọ́máànù kò ní bi wọ́n léèrè. Olórí wọn, tí a ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́, ló ń pàṣẹ ẹni tí a ó ṣe é fún. Mo mọ̀ pé ó jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní "wọ́n" nínú ohun tí mo ń kọ yìí.

Obìnrin tó ń jókòó tì mí bímọ kété tí mo débẹ̀. Mo rán tèmi, mo rán nínú tirẹ̀. Nígbà tí ó rẹ àwọn yòókù, mo tún gba èyí tó kù. Ìka mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè fọ aṣọ. Ìyá mi ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé, "Rán an, ọmọ mi. Ẹni tó bá bá ará ilé ṣiṣẹ́ ti di ará ilé." Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe rò. Mo ka ìwé gan-an, ṣùgbọ́n n kò gbọ́n.

Lẹ́yìn náà ni fọ́máànù dín owó ìdì kù. Àwa ará Gánà ti pọ̀ lẹ́yìn géètì nígbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, lábẹ́ páànù tí a ti ń jẹun, Ìyá Ẹgbẹ́ kọjú sí mi.

"Kí àwọn wọ̀nyí tó dé, ta ló jẹ́ dán irú èyí wò?"

"Na una spoil work o!" Ẹnì kan ló kígbe bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, àwa kọ́ la dín in kù. Ẹni tó ń sanwó ló dín in kù. Mo fetí mi gbọ́ ọ tí fọ́máànù ń sọ fún wa ní géètì pé bí a kò bá fẹ́, ará Ajégúnlẹ̀ ń bẹ. Nígbà tó wọlé wá bá yín níbí, kí ló sọ fún yín?"

Gbogbo wọn mọ ohun tó sọ fún wọn. Ó ní bí wọn kò bá fẹ́, ará Gánà ń bẹ.

"Ẹ wá gbọ́ Mìsíìsì!" Ìyá Ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́. "Bí ẹ bá kọ̀ ọ́ níjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Àbí ìwé tí o kà kò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń kọ iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó?"

"Bí mo bá kọ̀ ọ́, mà, kí ni ìyá mi ó jẹ?"

"Padà síbi tí wọ́n ti ń fún un jẹ!"

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, mà."

"Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ kò tẹ̀ rí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Gánà ní kí n máa lọ sílé mi, ilé náà ní kí n padà sí Gánà. N kò lè sọ pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ebi tó wà lẹ́yìn géètì ni wọ́n fi dín owó àwọn tó wà nínú ilé kù, ebi tiwa sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń jẹ àǹfààní rẹ̀ wà ní GRA, níbi tí dẹ́rẹ́bà ti ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bi í ní ohunkóhun. Èmi ni ọwọ́ wọn tó.

Nígbà tí òjò dé, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí èémí wọn ń já, ìyàwó àbúrò bàbá mi ní òun kò lè pa ọjà jẹ nítorí wọn. Kó tó di pé wọ́n tì sítọ́ọ̀ ní ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ nínú eruku níwájú Ìyá Ẹgbẹ́.

"Ẹ dákun, mà, ẹ bá mi ṣe àáró ọ̀la nìkan. Mo fẹ́ gbé ìyá mi lọ sọ́síbítù."

Kò gbójú sókè. "Àáró kì í ṣe ti àlejò. Bí àlejò bá lọ lọ́la, ta ni yóò san án padà?"

"Mo ti ṣe tèmi ṣáájú, mà."

Mo wo obìnrin tí mo rán àpò fún. Ó ń so ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ó so ọ̀já, ó tú u, ó tún un so.

Láàárọ̀, ìyá mi fúnra wọn ló lé mi jáde. Wọ́n ní, "Máa lọ, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo lè dúró dè ọ́." Ọ̀sán gan-an ni wọ́n kú. Àwọn ará àdúgbò rán èèyàn wá pè mí, àwọn ẹ̀ṣọ́ kò jẹ́ kó kọjá géètì, wọ́n ní kó dúró di àkókò ìjáde, ó sì bínú lọ. Nígbà tí mo délé, àwọn Mùsùlùmí àdúgbò, tí a jọ jẹ́ ẹlẹ́sìn kan náà, ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti wé wọn, wọ́n ti gbé wọn lọ sin. Ẹní tí wọ́n ká ni mo bá.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Àwọn obìnrin náà wá kí mi. Gbogbo wọn ló wá, wọ́n jókòó, wọ́n sunkún, obìnrin tó ń so ọ̀já ló sunkún jù. Ìyá Ẹgbẹ́ wá gbá mi mọ́ra, ó ní, "Má dá ara rẹ láàmú, a ti pín àpò rẹ. A máa ṣe àáró rẹ títí tí ẹ ó fi ṣe fídáù. Ọ̀fọ̀ ò mọ àlejò." Ààyè ìyá mi kò tó ohun tí wọ́n ń ṣe àáró fún. Òkú wọn tó o. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ síbi iṣẹ́, mo já àpò mi gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń rán an, mo jókòó, mo rán an fúnra mi. Wọ́n ní orí mi ti dàrú.

Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó yá, mo di tíṣà. Kò pẹ́ tí epo fi sọ ìlú di olówó, tí àwọn ọmọ Gánà gan-an sì ń rọ́ wá sí Èkó. Ìyá Ẹgbẹ́, tó ti darúgbó, wá bá mi nílé-ìwé pé kí n bá ọmọ òun wá iṣẹ́, nítorí àwọn àjèjì wọ̀nyẹn ti gba gbogbo rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Mo bi í léèrè ẹni tó ń san pọ́ọ́kú náà fún wọn. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. Mo ní kó máa lọ. N kò tíì kábàámọ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Mo ti dàgbà báyìí ju ìyá mi lọ nígbà tí wọ́n kú. Lórí rédíò, mo ṣì ń gbọ́ àwọn ọmọdé tó ń jà lórí ẹni tó gba iṣẹ́ ẹnì kejì, mo sì máa ń pa á. Àwọn kan tó mọ̀ mí láyé ìgbà yẹn ṣì ń sọ pé mo le lọ́kàn, pé àwọn obìnrin yẹn kúkú dúró tì mí nínú ọ̀fọ̀. Wọ́n dúró tì mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ wọ́n fún, nígbà tí ìyá mi ṣì lè di ọwọ́ mi mú.