Orúkọ Àìsàn Tíṣà Mi

Yàrá tí mo ti ń rí aláìsàn ní Ìsọlọ̀ kò ní fèrèsé mọ́. Ó ní i tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n kọ́ ilé mìíràn tì í, ògiri onítọ̀hún sì dí i pa. Iná gílóòbù ni mo fi ń ríran láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló yẹ kí a fi wo awọ ara. Bí mo bá fẹ́ wo ènìyàn dáadáa, àfi kí n mú un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n ní kó ká aṣọ sókè níwájú gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ilẹ̀kùn gan-an kì í pa dé. Mo ti kọ lẹ́tà sáwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn lórí rẹ̀ títí ó fi sú mi.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe dókítà awọ ara. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ń wá, kẹ́míkà á ti jẹ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á sì máa bẹ̀ mí kí n má kọ ọ́ sínú ìwé kí ọ̀gá wọn má baà lé wọn. Àwọn ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani ń wá, ìpara abóra á ti bó wọn lójú, wọ́n á ní ọṣẹ lásán làwọn ń lò. Mo máa ń jágbe mọ́ wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ẹnu mi mú. Èmi tí ẹnu mi mú yìí náà ni ọ̀rọ̀ há lọ́fun lọ́jọ́ tí tíṣà mi wọlé.

Òun ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Òkè-Àfà, dùùrù títẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sì kù tó ń fi ayé rẹ̀ ṣe. Òun ló tẹ dùùrù níbi ìgbéyàwó mi, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ìyá ọkọ mi tí kì í rẹ́rìn-ín pàápàá bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó na apá òsì rẹ̀ sí mi, ibì kan ti ń funfun lára apá náà bíi làpálàpá. Ó ní ìyẹn kọ́ ló dun òun. Ìka òun tó kéré jù ló ti ń sùn, kì í gbọ́ràn sí òun lẹ́nu lórí dùùrù mọ́.

Mo ní kó dijú. Mo mú òwú, mo fi kan ibi funfun náà, mo ní kó sọ fún mi bó bá ti mọ̀ ọ́n lára. Kò fọhùn. Mo fi òwú náà kàn án lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó yá, ó bi mí pé, "Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo fọwọ́ wá iṣan tó wà lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ti ki bí okùn. Ẹ̀tẹ̀ ni.

Kò yẹ kí ìyẹn dẹ́rù bà mí. Oògùn wà, ọ̀fẹ́ ni, ọdún kan péré ni wọ́n fi ń lò ó. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí àga yẹn kan náà. Àmọ́ bí mo ṣe ń wo ojú tíṣà mi ni mo rántí ọjọ́ kan tí èmi àti ọmọ kíláàsì mi kan jà, tí mo pè é ní adẹ́tẹ̀. Tíṣà gbọ́. Ó pè mí síwájú, ó nà mí lẹ́gba mẹ́fà ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń pe ènìyàn. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ, irun mi ti ń hewú, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ń ta mí lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé ẹgba náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á. Mo tún ro ti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á rọra gba dùùrù lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò ní sọ ìdí. Lanlọ́ọ̀dù á ní kó wá ilé mìíràn. Ilẹ̀kùn ò pa dé, etí àwọn ará bẹ́ǹṣì sì wà lọ́dọ̀ wa.

Mo sọ fún un pé iṣan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Mo ní orúkọ òyìnbó ni, ó gùn. Mo fúnra mi lọ gba oògùn náà níbi tí wọ́n ti ń pín in, kó má baà lọ jókòó síbi tí wọ́n kọ orúkọ àìsàn náà gàdàgbà sára ògiri. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n kọ orúkọ náà sára páálí rẹ̀, mo yọ hóró oògùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀bù funfun tí n kò kọ nǹkan kan sí lára. Mo ní kó mú màmá, ìyàwó rẹ̀, wá kí n wo ara tirẹ̀ náà, mo pè é ní àyẹ̀wò lásán. Àánú ni mo pe gbogbo rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti rí ọ̀nà jáde mọ́. Ní oṣooṣù tó bá ń bọ̀, màá pinnu láti àárọ̀ pé òní ni màá sọ ọ́. Ó máa wọlé, ó máa kí mi ní dókítà mi, màmá á jókòó tì í, ọ̀rọ̀ náà á sì padà sínú. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, á mọ̀ pé mo ti ń parọ́ fún òun láti ọjọ́ yìí. Bí mi ò bá sọ ọ́, mo tún ti fi irọ́ kan lé e. Mò ń bínú sí ara mi, àwọn aláìsàn tó kù ni mo sì ń fi ìkanra mọ́.

Ní oṣù karùn-ún tó ti ń lo oògùn, kò wá. Mo pè é, fóònù ò lọ. Mo sọ fún ara mi pé Èkìtì ló lọ. Òkè-Àfà kò jìnnà sí mi rárá, mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, mi ò sì lọ. Ojú ń tì mí ni. Ó tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn kí màmá tó mú un padà wá, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò. Nígbà tó yọ ọ́ síta, ìka méjì ti ká wọnú àtẹ́lẹwọ́. Ojú àpá iná kan wà lẹ́bàá rẹ̀. Ó ní ìkòkò gbígbóná ló jó òun, òórùn ló jẹ́ kí òun mọ̀.

Mo jágbe mọ́ ọn bí mo ṣe ń jágbe mọ́ gbogbo ayé. Mo bi í pé kí ló dé tó fi dá oògùn dúró. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Tíṣà kò bínú.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo rí ojú ẹ lọ́jọ́ yẹn. Oògùn tí ò lórúkọ, àìsàn tí ò lórúkọ, o tún ní kí n mú ìyàwó mi wá. Mo rò pé jẹjẹrẹ ni, pé o kàn ń ṣàánú mi ni. Kí ni mo fẹ́ máa da ara mi láàmú sí?"

Ó ti pín ẹrù rẹ̀. Ó ti fi dùùrù kékeré tó wà nílé ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ. Ó ti sọ orin tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa kọ níbi ìsìnkú rẹ̀ fún wọn. Gbogbo ohun tí mo ṣe láti fi bo àṣírí rẹ̀ ló kà sí ikú.

Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo ní, "Ẹ̀tẹ̀ ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ó ní ṣé ẹ̀tẹ̀ tó ní oògùn yẹn náà ni. Mo ní òun ni. Mo wá jẹ́wọ́ ẹgba mẹ́fà yẹn fún un, mo ní ẹgba náà ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Ó wò mí títí, ó ń wá a nínú orí rẹ̀, kò rí i. Kò rántí pé òun nà mí rí.

Ó gbé ọwọ́ náà lé orí tábìlì mi, ó gbìyànjú láti na ìka méjèèjì, wọn ò nà. Ó ní, "Tí mo bá wá lo oògùn náà tán báyìí, ṣé wọ́n á padà sí bí wọ́n ṣe wà?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Rárá, sà."

Ó ní mo ṣeun, pé òótọ́ tí òun ti ń béèrè láti ọjọ́ yìí nìyẹn.