Ẹṣin Tí Àlàájì Fi Sílẹ̀

Àárín ẹṣin ẹlẹ́ṣin ni a dàgbà sí nílé wa ní Igbó-Ọrà. Ẹyọ kan péré ló jẹ́ ti bàbá mi. Àwọn yòókù jẹ́ ti àwọn olóyè, ti àwọn tí í gẹṣin lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá, àti ti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn, tí kò sí àyè ẹṣin ní ilé tó háyà. Wọ́n á kó wọn wá sọ́dọ̀ wa, a ó máa bọ́ wọn, a ó máa wẹ̀ wọ́n, a ó máa gé pátákò wọn, títí wọ́n á fi wá mú wọn lọ gùn. Gbogbo ilé ló ń ṣe é. Ìyá mi pàápàá ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn ẹṣin. Ó ní òun kò rí ìdí tí èèyàn fi ń pọnmi fún ẹran tí a kì í jẹ.

Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ náà máa ń dùn jù, ìgbà yẹn náà ló sì máa ń léwu jù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ewé ẹ̀pà gbígbẹ, pòròpórò ọkà bàbà àti èèrí ni ẹṣin ń jẹ. Egungun ìhà wọn á yọ, eruku á bo irun wọn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo pápá tí iná ti jó á bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń kọ ebè ni àwọn ẹṣin á máa yán, tí wọ́n á máa fi pátákò walẹ̀, nítorí wọ́n ti gbóòórùn koríko tútù. Bàbá mi kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Díẹ̀díẹ̀ ló fi ń mú wọn wọ̀ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ gbígbẹ. Ẹṣin kò lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, inú rẹ̀ nìkan ló máa bá a jà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ti ń ṣe tíṣà, mo sì wà nílé fún ìsinmi. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, obìnrin kan fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ẹṣin wá láti Èrúwà. Òun jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ẹṣin dúró lẹ́yìn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde opó ni.

"Ti ọkọ mi ni," ó wí fún bàbá mi. "Àwọn ọmọ ní kí n tà á, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ẹni tí n ó tà á fún. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ ná."

Bàbá mi bi í léèrè oúnjẹ tí ẹṣin náà fẹ́ràn.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Mi ò sún mọ́ ọn rí. Ojú fèrèsé ni mo ti máa ń wo òun àti Àlàájì."

Akọ ẹṣin ni, ó pupa, funfun díẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. Kò yọ wá lẹ́nu, àmọ́ kò jẹun bó ṣe yẹ. Ojú títì ló máa ń kọjú sí. Bí ọ̀kadà bá ti ń bọ̀, á na etí sókè, bí ó bá kọjá, á tún gbé orí wálẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà gbọ́, ó ní ọ̀kadà ni Àlàájì máa ń gùn dé láti mọ́ṣáláṣí.

A ń pè é ní Ìyá Èrúwà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá, á gbé èèrí dání, ṣùgbọ́n á gbé e fún wa ni, kò ní dé ìdí èèkàn tí a so ẹṣin mọ́. Abẹ́ máńgòrò ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú ìyá mi. Àwọn méjèèjì bá ara wọn mu. Wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí, wọ́n á máa bú ẹṣin.

Ní ọjọ́ kan, òjò ńlá ti rọ̀ mọ́jú. Bàbá mi lọ sí Lánlátẹ̀ lọ wo ẹṣin olóyè kan tó ń tiro, àbúrò mi wà lóko. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti rọ̀, pé èèkàn ẹṣin Àlàájì ti fà tu. Nígbà tí mo máa fi rí i, ó ti wà nínú pápá ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀, ó ti jẹ koríko tútù débi tí inú rẹ̀ fi le bí ìlù. Mo mú un wálé. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wo ìhà ara rẹ̀, ó ń làágùn, ó sì ń tẹ orúnkún, ó fẹ́ dùbúlẹ̀.

Mo pe bàbá mi lórí fóònù.

"Ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀ o," ó wí. "Bó bá fi lè yí nílẹ̀, ìfun ẹ̀ lè lọ́. Ẹ máa mú un rìn. Màá wá dókítà ẹran, a jọ ń bọ̀ ni."

Mo di okùn mú lápá kan, ìyá mi gba ẹ̀yìn pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹṣin náà wúwo jù fún mi, ó ń wọ́ mi lọ síbi tó wù ú. Ibi tí a ti ń bá a fà á ni Ìyá Èrúwà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó wò wá díẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró dáadáa, ó wá sí apá kejì, ó sì di okùn ìjánu mú.

"Kí ni Àlàájì máa ń pè é, Mà?" mo bi í.

"Ìyàwó kékeré," ó wí. "Akọ ẹṣin o. Èmi ló fi ń bú. Ó ní ìyẹn kì í bá òun jà."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. A ń rìn. Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé ojú títì, ká tún padà, ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ wa. Nígbà tó ṣe, ẹṣin náà kúnlẹ̀, kò fẹ́ dìde. Mo fà á, kò mira. Ìyá Èrúwà wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lọ́rùn, kò pariwo, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń bá orogún sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó kékeré, dìde. Ọkọ wa ti kú. Èmi náà ò jẹun nígbà yẹn, mo sì ti ń jẹun báyìí. O ò ní bá a lọ. Dìde ńbẹ̀."

Ó dìde. Bóyá gbígbá ló gbọ́, bóyá ohùn ni, mi ò mọ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń fi ara sí, èmi kàn ń tẹ̀ lé wọn ni. Wọ́n ti ń pe ìrun alásárì nígbà tó só, tó tún só, tó sì yàgbẹ́ sójú ọ̀nà. Ìyá mi ní, "Alihamudulilahi." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, a ń wo ìgbẹ́ ẹṣin bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Nígbà tí bàbá mi àti dókítà dé, dókítà gún un lábẹ́rẹ́, ó fi rọ́bà rọ òróró sí i nínú, ó gbé etí lé ikùn rẹ̀, ó ní yóò yè. Bàbá mi bojú wo Ìyá Èrúwà tó ṣì di okùn mú. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Èrúwà kò jókòó sábẹ́ máńgòrò mọ́. Bó bá ti dé, á mú ẹṣin rẹ̀, wọ́n á rìn lọ sí ojú títì, wọ́n á padà. Ó kọ́ bí wọ́n ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ara rẹ̀. Ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ara rẹ̀ sì ń dán.

Kí àgbàdo tó yọ ọmọ ni àkọ́bí Ìyá Èrúwà mú ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin wá láti Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ gbé omi fún àwọn méjèèjì, ó sì sọ fún àlejò náà pé kó má bínú, òun kò tà á mọ́.

"Màmá, ta ló máa gùn ún?" ọmọ náà bi í.

"Kò sẹ́ni tó máa gùn ún. Èmi á máa mú un rìn."

"Ẹṣin tí ẹnì kankan ò gùn lẹ fẹ́ máa mú rìn, Màmá?"

"Ti bàbá rẹ ni. Bó bá wù ọ́, wá gùn ún."

Ọmọ náà wo bàbá mi pé kó bá òun sọ̀rọ̀. Bàbá mi ń to gàárì, kò gbójú sókè. Inú bí ọmọ náà, ó wọ ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló pè pé ṣé gàárì bàbá òun ṣì wà. Ó wà. Ọkọ̀ gbé ẹṣin náà dé Èrúwà, ọmọ náà sì gùn ún lọ sí yídì níbẹ̀, ara rẹ̀ le gbagidi lórí rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á, gbogbo èèyàn ló sì rí i. Ìyá rẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò fi ìjánu sílẹ̀.

Ẹṣin náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ó ti ń darúgbó, eyín rẹ̀ ti ń ká, rírẹ ni a ń rẹ èèrí rẹ̀ sómi báyìí. Ìyá Èrúwà ti háyà yàrá méjì ní òpópónà wa. Láàárọ̀ òní, òjò ti ń ṣú nígbà tí mo ń lọ sí ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà níhìn-ín báyìí, mo bá àwọn méjèèjì lọ́nà. Mo ní kí wọ́n tètè padà sílé. Ó ní wọ́n ti ń padà.