Orúkọ Tí Mo Ń Sọ sí Ẹ̀gbọ́n Mi Létí

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Orúkọ tí mo dá lọ́dún tó kọjá ti tó mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mọ́gàjí agbo ilé wa ní Ìwó níbí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ̀wé, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, bó bá sì kí èèyàn, onítọ̀hún á rò pé òun nìkan ló wà nínú ìlú. Èmi tí mo tẹ̀ lé e, ìwé mẹ́fà ni mo kà, pákó ni mo ń tà. Bí èrò bá pọ̀ níbì kan, ẹ̀yìn òpó ni ẹ ó ti bá mi.

Nígbà tí orúkọ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, àwa díẹ̀ la mọ̀: èmi, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ni ní ìtàn àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ nílé ẹ̀kọ́ kan ní Òṣogbo. Ará ilé tó kù ò mọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìyàwó ilé kan kúnlẹ̀ kí mọ́gàjí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́gàjí sì dá a lóhùn bí ẹni tó ń dá àlejò lóhùn. Kíá, wọ́n ní ipò ti ń gun bàbá. Ọmọ bàbá wa kan ní Olúpọ̀nnà, tó ti pẹ́ tó ti ń wo àga mọ́gàjí, ló ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ó ní bí a bá pàdé níbi ìpàdé ẹbí, òun á béèrè bóyá ó yẹ kí ẹni tí kò ka ará ilé sí èèyàn mọ́ ṣì máa ṣolórí ilé.

A lè sọ òótọ́ fún wọn, àmọ́ òótọ́ yẹn ló le jù. Bó bá jẹ́ ìgbéraga, wọ́n á bá a wí, á tán. Bó bá jẹ́ ìgbàgbé, wọ́n á gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa káàánú rẹ̀ títí ayé. Àánú yẹn ni ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀rù.

Ni ọmọ náà bá ti Òṣogbo dé. Ó fà mí sí ìdáná, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

“Bàbá kékeré, ẹ gbọ́. Ní Róòmù àtijọ́, àfẹ̀mọ́jú ni àwọn èèyàn ti máa ń lọ sẹ́nu ọ̀nà olówó àti ọlọ́lá láti kí i. Èrò ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi ń mọ iyì rẹ̀. Bó bá wá fẹ́ kí wọ́n dìbò fún òun, á wọ aṣọ funfun báláú, á jáde lọ máa bọ aráàlú lọ́wọ́. Kò sì sẹ́ni tó lè mọ orúkọ gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹnì kan á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ti rí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè, á sọ orúkọ rẹ̀ sí ọ̀gá létí.”

“Ta ni ẹni yẹn?”

Ó wolẹ̀. “Ẹrú ni, sà.”

“Ẹrú?”

“Ẹrú tó níyì ni, sà.”

“Ẹrú tó níyì! O wọkọ̀ láti Òṣogbo, o wá sọ mí dẹrú nílé bàbá mi.”

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì mọ ibi tí ẹ̀rín parí sí tí ẹkún gbé bẹ̀rẹ̀.

Mo bi ọmọ náà pé báwo ni tàwọn ará Gíríìsì, bóyá tiwọn á rọ̀ mí lọ́rùn díẹ̀. Ó ní ní Áténì, kèké ni wọ́n máa ń ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ipò, ẹni tí kèké bá mú ló ń ṣe é. Mo ní kí wọ́n yáa fi mí sí Róòmù. Bí kèké bá mú èmi, màá sá lọ ni, Kuta ni wọ́n á ti wá gbúròó mi.

Nígbà tí a sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé èmi ni màá máa sọ orúkọ sí i létí níbi ìpàdé, ó wò mí títí.

“Ìwọ? Ìwọ tí wọ́n ní kó o gbàdúrà ìparí lọ́jọ́sí, tó o ní ọ̀fun ń dùn ọ́? Ṣé ohùn rẹ á jáde ṣá?”

Mo ní á jáde.

Òwúrọ̀ Sátidé ni ìpàdé náà. Wọ́n to àga sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn àga rẹ̀ mú. Mo sọ fún ara mi pé làkúrègbé ni.

Ìyá arúgbó kan láti Ilé-Ogbó ló kọ́kọ́ dé. Mo sọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi pè é, ojú ìyá náà sì là bí ojú ọmọdé. Ẹlòmíràn dé, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ó ń lọ geerege títí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ilé wa fi dé. Ìbẹ̀rù dà mí lójú rú, mo pe àbúrò ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi náà pè é bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín àríntàkìtì.

“Mọ́gàjí wa nìyí! Láti kékeré, ẹ ò mọ̀ wá yàtọ̀ rí!”

Ni ọ̀dọ́bìnrin kan bá dé, ó pọn ọmọ. N kò mọ̀ ọ́n. Mo wòkè, mo wolẹ̀, mo wo bàtà rẹ̀ bóyá orúkọ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ etí sílẹ̀, ó ń dúró. Ará Olúpọ̀nnà ti na ọrùn síwájú níbi tó jókòó sí.

Mo sọ sí i létí pé, “Ẹ̀gbọ́n, n kò mọ̀ ọ́n.”

Ó kàn dìde, ó di ọ̀dọ́bìnrin náà lọ́wọ́ mú ni. Ó wojú rẹ̀.

“Ṣé òjò ò wọ yàrá yẹn mọ́?”

Ọ̀dọ́bìnrin náà pariwo. “Bàbá, ẹ rántí mi!”

Àṣé ìjì ló ṣí òrùlé rẹ̀ lọ, tó sunkún wá bá mọ́gàjí. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ra pákó tí wọ́n fi tún un ṣe. Síbẹ̀, èmi tí nǹkan ò ṣe ni n kò mọ ẹni tí wọ́n rà á fún.

Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó padà. Ó yíjú sí gbogbo ilé.

“Ẹ̀yin ará ilé mi, kì í ṣe ìgbéraga. Orúkọ yín ló ń sá mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tó dúró lẹ́yìn mi yìí ló ń sọ wọ́n sí mi létí láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ yín ò tíì sá. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yín náà bá sá, kí ẹ gba àga yín.”

Ká ní ihò eku wà nítòsí, mi ò bá kó sí i. Ìyàwó rẹ̀ fi gèlè bojú. Gbogbo wa yíjú sí ará Olúpọ̀nnà.

Ọkùnrin náà dìde, ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti ikùn rẹ̀. Ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sọ orúkọ ìyá tó bí i. Ó ní, “Èmi ni mò ń bá yín du àga, sà.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ìyẹn ni mi ò gbàgbé.”

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ igi. Bí ìyókù ṣe ń dìde nìyẹn, tí kálukú ń wá kí i, tí wọ́n ń dárúkọ ara wọn fún un.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n máa ṣe é lọ, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló di àṣà ilé wa. Títí dòní, kò sẹ́ni tó ń wọlé mọ́gàjí láìdárúkọ ara rẹ̀. Àlùfáà àdúgbò ń ṣe é, ìyàwó tuntun ń ṣe é. Kódà ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Òṣogbo ń dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ ẹrú ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ yìí mo lọ kí i. N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ orúkọ mi, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ mi ní pípè.

Ó sọ ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ta ló bi ọ́ léèrè?”

“Mo ń dánra wò ni, sà.”

“Ẹ̀rù ń bà ọ́.”

Mo ní ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́. Ó ti àwo ẹ̀kọ àti àkàrà sí ìhà ọ̀dọ̀ mi, ó ní kí n jẹun. Ó ní bí mo bá tún dárúkọ ara mi fún òun, òun á lé mi jáde.

Lọ́la, bí mo bá dé ibẹ̀, màá tún dárúkọ mi.